Ṣé ife 1947 wà lára 20 tí Liverpool ń kà? Àlàyé lórí sáà líìgì àkọ́kọ́ lẹ́yìn Ogun Hitler

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni Liverpool na Tottenham 5–1 ní Anfield. Ọjọ́ náà ni ife líìgì wọn pé 20, tí wọ́n sì bá Manchester United dọ́gba. Láti ìgbà náà ni ẹnu àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wa kò ti kò. Àwọn kan ní ife méjì péré ni Liverpool ní láti 1992 tí Premier League ti bẹ̀rẹ̀, pé ìtàn àtijọ́ ni ìyókù. Àwọn mìíràn to ọdún kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti 1901, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dé orí 1947 ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ṣebí àsìkò ogun nìyẹn? Ṣé gbogbo ẹgbẹ́ ló kópa? Kí ló dé tí líìgì fi parí nínú oṣù Kẹfà? Ṣé òótọ́ ni pé òfin ìgbà náà ló gba ife lọ́wọ́ United, tó ṣe ipò kejì pẹ̀lú àlàfo póìntì kan?

Gbogbo ìbéèrè yìí ló ní ìdáhùn, ó sì wà nínú tábìlì líìgì àti nínú kàlẹ́ńdà ọdún náà.

## Ṣé ogun ṣì ń jà nígbà tí wọ́n gbá sáà yìí?

Rárá. Nǹkan mẹ́rin ni àwọn ènìyàn ń pò mọ́ra, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ ná.

Àkọ́kọ́ ni sáà 1939–40. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 1939 ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí Jámánì lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, kò tíì sí ẹgbẹ́ tó gbá ju ìdíje mẹ́ta lọ nínú ìpele kìíní, èyí tó ga jù nígbà náà. Blackpool ló wà lókè, nítorí wọ́n borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n fi òpin sí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì pa èsì rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀lù àsìkò ogun. Wọ́n pín àwọn ẹgbẹ́ sí agbègbè kí ọkọ̀ ojú irin má baà máa kó agbábọ́ọ̀lù rìn jìnnà. Wọ́n dín iye èrò tó lè wọ pápá kù. Agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú iṣẹ́ ológun sì lè gbá fún ẹgbẹ́ tó bá sún mọ́ bárékè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò, kì báà jẹ́ pé ẹgbẹ́ mìíràn ló ni ín. Kò sẹ́ni tó ń ka ife kankan láti inú èyí.

Sáà 1945–46 ló ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú jù. Ogun ti parí nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ṣì wọ aṣọ ológun. Wọ́n pín àwọn ẹgbẹ́ ìpele kìíní àti ìkejì sí apá Àríwá àti apá Gúúsù. Sheffield United ló gba ti Àríwá, Birmingham City gba ti Gúúsù. Èyí náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. FA Cup nìkan ló padà dé lọ́dún náà, ìgbà kan ṣoṣo sì ni wọ́n gbá a ní lílọ-àbọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbàlejò ẹnì kejì kí wọ́n tó ro èsì pọ̀. Derby County ló gbà á, wọ́n na Charlton 4–1 lẹ́yìn àfikún àkókò.

1946–47 wá ni líìgì gidi padà. Ẹgbẹ́ 88 ni: 22 nínú ìpele kìíní, 22 nínú ìkejì, 22 nínú ìkẹta apá Gúúsù, 22 nínú ìkẹta apá Àríwá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá ìdíje 42, kò sì sí ọ̀kan tó ṣẹ́kù láìgbá. Ipò tí oníkálukú wà ní 1939 ni wọ́n dá a padà sí.

Ìwé ètò ìdíje ti 1939 gan-an ni wọ́n sì tún gbé jáde. Liverpool lọ sí Bramall Lane, ilé Sheffield United, lọ́jọ́ kìíní sáà 1939, wọ́n sì fìdí rẹmi 2–1. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1946, pápá kan náà ni wọ́n tún lọ, wọ́n sì borí 1–0. Ẹ má gbàgbé Bramall Lane o, a máa padà síbẹ̀.

Nítorí gbogbo èyí ni Everton, tó gba líìgì 1938–39, fi jẹ́ ẹni tí oyè náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di oṣù Kẹfà 1947.

## Báwo ni bọ́ọ̀lù ìgbà náà ṣe yàtọ̀?

Ẹni tó bá borí gba póìntì méjì, kì í ṣe mẹ́ta. Mẹ́ta kò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1981. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ẹyọ kan.

Kò sí pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Mọ́kànlá tó bá bẹ̀rẹ̀ náà ni yóò parí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, mẹ́wàá ni yóò kù. Bí ìpalára náà kò bá pọ̀, wọn a sún un sí ẹ̀gbẹ́ pápá kó máa tiro níbẹ̀. Ọdún 1965 ni líìgì tó gba pààrọ̀ láàyè.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ jẹ́ awọ tí wọ́n fi okùn dì lẹ́nu, tí rọ́bà afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó ń mu omi. Lọ́jọ́ òjò, orí tó bá kàn án á mọ̀ ọ́n lára. Awọ lẹ́yìn ogun kò dára, débi pé bọ́ọ̀lù bẹ́ nínú àṣekágbá FA Cup 1946, ó sì tún bẹ́ nínú ti 1947.

Aṣọ wà lábẹ́ kúpọ́ọ̀nù, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń wọ̀n ọjà fún ènìyàn, oúnjẹ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Búrẹ́dì, tí wọn kò fi òté lé nígbà ogun gan-an, ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n fún ènìyàn láti oṣù Keje 1946. Agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló ń sáré fún ìṣẹ́jú 90 nínú ẹrọ̀fọ̀.

United kò tilẹ̀ ní pápá. Bọ́ǹbù Jámánì ti ba Old Trafford jẹ́ ní oṣù Kẹta 1941, nítorí náà Maine Road, ilé Manchester City, ni wọ́n háyà fún gbogbo ìdíje tó yẹ kí wọ́n gbá nílé. Ọdún 1949 ni wọ́n tó padà sílé wọn. Matt Busby, tó di olùkọ́ wọn ní 1945, ló kó ẹgbẹ́ náà dé ipò kejì láìní ilé, iṣẹ́ ńlá sì ni.

## Kí ló dé tí líìgì fi wọ oṣù Kẹfà?

Òtútù, èédú àti àṣẹ ìjọba: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló so kọ́ra wọn.

Láti ọjọ́ 22 oṣù Kìíní títí dé ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1947, kò sí ọjọ́ kan tí yìnyín kò já bọ́ ní ibì kan ní ilẹ̀ Bìrìtìkó. Pápá dì gbagidi. Kò sí ẹ̀rọ tó ń mú ilẹ̀ pápá gbóná nígbà yẹn. Koríko gbígbẹ àti iyanrìn ni wọ́n ń dà sí i. Tí yìnyín bá sì yọ́, ẹrọ̀fọ̀ ni. Láàárín oṣù Kẹta, omi yìnyín náà di àgbàrá tó bo ilé àti oko. Ìdíje lórí ìdíje ni wọ́n sún síwájú.

Èédú ló wà lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ kìíní ọdún 1947 ni ìjọba ẹgbẹ́ Labour, lábẹ́ Clement Attlee, gba ibi ìwakùsà èédú sọ́wọ́ ìjọba. Èédú ló ń wa ọkọ̀ ojú irin, òun náà ló ń mú iná mànàmáná wá. Nígbà tí yìnyín dí ojú irin, èédú tí wọ́n ti wà jáde kò lè dé ibùdó iná. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í já iná ilé iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní agbègbè Midlands àti ní àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ilé gbígbé pàápàá ń wà lókùnkùn fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ dá eré ìje ajá dúró.

Ibí ni bọ́ọ̀lù ti kan ọ̀rọ̀ ajé. Líìgì kò ní iná pápá. Ìdíje líìgì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá lábẹ́ iná wáyé ní 1956. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, ọ̀sán ni wọn yóò gbá a. Ọ̀sán Wẹ́sídeè sì ni ó yẹ kí òṣìṣẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ wo ìlú kan tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 40 ènìyàn wọ pápá lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́: ilé iṣẹ́ mélòó ni yóò kù tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń yí? Ìjọba, tó jẹ gbèsè lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà, tó sì fẹ́ kí ilé iṣẹ́ máa pèsè ọjà fún títà sókè òkun, kò lè fojú fo ìyẹn. Nínú oṣù Kẹta 1947 ni wọ́n dá eré ìdárayá àárín ọ̀sẹ̀ dúró.

Bí ìdíje tó yẹ kí wọ́n gbá pa dà ṣe wọ́ jọ nìyẹn, tí ọjọ́ tí wọn yóò fi gbá a sì dín kù. Sátidé àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba nìkan ló kù. Àwọn ẹgbẹ́ fẹ́ owó ìwọlé, nítorí òun nìkan ni wọ́n fi ń sanwó. Àwọn aláṣẹ líìgì kò fẹ́ tábìlì tí ẹnì kan gbá 42 nínú rẹ̀ tí ẹnì kejì gbá 38. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sún òpin sáà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹgbẹ́ kò parí lọ́jọ́ kan náà. Lóde òní, ìdíje ìkẹyìn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan náà káàkiri, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ohun tó nílò ṣáájú ẹlòmíràn. Ní 1947, ẹgbẹ́ tó gbá tirẹ̀ tán jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

## Kí ni ìpín góòlù, kí sì ni àṣẹ́kù góòlù?

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo tábìlì fúnra rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó wà lókè rèé lẹ́yìn ìdíje 42:

Liverpool: borí 25, ọ̀mì 7, pàdánù 10. Góòlù 84, wọ́n sì gbá 52 wọlé wọn. Póìntì 57.
Manchester United: borí 22, ọ̀mì 12, pàdánù 8. Góòlù 95, 54 wọlé wọn. Póìntì 56.
Wolves: borí 25, ọ̀mì 6, pàdánù 11. Góòlù 98, 56 wọlé wọn. Póìntì 56.
Stoke City: borí 24, ọ̀mì 7, pàdánù 11. Góòlù 90, 53 wọlé wọn. Póìntì 55.

Bí póìntì bá dọ́gba lónìí, a ó yọ góòlù tó wọlé ẹgbẹ́ kúrò nínú èyí tí ó gbá sínú àwọ̀n ẹlòmíràn. Àṣẹ́kù nìyẹn. Títí di 1976, pípín ni wọ́n ń pín in: góòlù tí o gbá, pín sí iye tó wọlé rẹ. Ìpín nìyẹn.

Wolves àti United fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Póìntì wọn dọ́gba. Ìpín United ni 95 sí ọ̀nà 54, ìyẹn 1.759. Ti Wolves ni 98 sí ọ̀nà 56, ìyẹn 1.750 géérégé. United borí, wọ́n mú ipò kejì. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ ọ́ bí ti òde òní, United ní 41, Wolves ní 42, Wolves ni ìbá wà níwájú. Tábìlì kan náà, òfin méjì, ipò kejì yí padà.

Ìpín máa ń ṣe ojú rere sí ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ kò jò. Ẹgbẹ́ tó gbá 40, tí 20 wọlé rẹ̀, ní ìpín 2. Ẹni tó gbá 80, tí 50 wọlé rẹ̀, ní 1.6 péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ́kù tirẹ̀ jẹ́ 30 sí 20. Ohun tí àwọn tó fẹ́ kí wọ́n pa ìlànà náà tì ń sọ ni pé ó ń kọ́ ẹgbẹ́ láti dí ẹnu ilé kàkà kí wọ́n máa wá góòlù. Àwọn tó fọwọ́ sí i ní pé ẹni tó mọ ilé ṣọ́ yẹ lẹ́ni tí à ń yìn.

## Ṣé United ì bá gba ife náà lábẹ́ òfin òde òní?

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ ká fún ìborí kọ̀ọ̀kan ní póìntì mẹ́ta. Liverpool á ní 82, Wolves 81, Stoke 79, United 78. United tí wọ́n ní òfin ló rẹ́ jẹ ni yóò já wálẹ̀ láti ipò kejì sí ìkẹrin, nítorí ọ̀mì 12 tí wọ́n ta. Ẹgbẹ́ tí òfin àtijọ́ ṣojú rere sí jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n.

Ẹ fi èyí sọ́kàn náà: àwọn olùkọ́ ìgbà yẹn mọ̀ pé ọ̀mì jẹ́ ìdajì ìborí, ohun tí wọ́n sì fi ń pinnu bóyá kí wọ́n kọlu ni tàbí kí wọ́n ṣọ́lé nìyẹn. Ìṣirò yìí fi hàn pé àhesọ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò lè sọ bí wọn ì bá ṣe gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ òfin mìíràn.

## Báwo ni ọ̀sẹ̀ méjì ìkẹyìn ṣe lọ?

Nígbà tí ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún fi máa mọ́, United ti gbá tiwọn tán pẹ̀lú 56. Wolves náà ní 56, ó sì ku ìdíje kan. Liverpool ní 55, ó ku ẹyọ kan. Stoke ní 55, ó ku ẹyọ kan. Ìdíje tó kù fún Wolves àti Liverpool sì jẹ́ ọ̀kan náà, wọ́n fẹ́ bá ara wọn gbá a ní Molineux, ilé Wolves.

Bí Wolves bá borí, ó ti parí: 58, kò sẹ́ni tó lè bá a. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, Liverpool ti jáde, ó wá ku Wolves pẹ̀lú 57 àti Stoke. Nínú àwọn méjèèjì, Liverpool nìkan ló jẹ́ pé àfi kó borí.

Ọjọ́ náà gbóná, lẹ́yìn gbogbo yìnyín yẹn. Jack Balmer gbá èyí àkọ́kọ́ wọlé. Èkejì ni wọ́n ń sọ títí dòní: Albert Stubbins gba bọ́ọ̀lù, ó sì sá mọ́ Stan Cullis, balógun Wolves, lọ́wọ́. Ìdíje ìkẹyìn Cullis láyé agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ nìyẹn. Apá rẹ̀ ká kó fa Stubbins láṣọ, kò fà á. Góòlù wọlé. Wolves dá ẹyọ kan padà, ó parí sí 2–1. Liverpool 57.

Ó wá ku Stoke. Ìborí kan ṣoṣo ni wọ́n nílò. Góòlù 89 ni wọ́n ti gbá, 51 ló ti wọlé wọn. Bí wọ́n bá borí, kódà 1–0, póìntì á dọ́gba ní 57, ìpín wọn á sì wà ní 1.76 nígbà tí ti Liverpool jẹ́ 1.62. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dúró de ọjọ́ náà. Níbo ni wọ́n sì ti fẹ́ gbá a? Bramall Lane, ibi tí Liverpool ti bẹ̀rẹ̀ sáà. Pápá tí wọ́n tún ń lò fún kíríkẹ́ẹ̀tì ni, nínú oṣù tí kíríkẹ́ẹ̀tì ló sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Sheffield United borí 2–1.

Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà náà, Liverpool àti Everton ń gbá àṣekágbá ife abẹ́lé kan ní Anfield. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n fi kéde èsì láti Sheffield fún èrò tó wà níbẹ̀. Bí oyè ṣe kúrò lọ́wọ́ Everton nìyẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ojú wọn ló sì ṣe.

## Kí ló gbé Liverpool lékè?

Kì í ṣe pé wọ́n lágbára ju gbogbo ayé lọ. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 1946, United na wọ́n 5–0. Nínú oṣù Kejìlá, Wolves wá na wọ́n 5–1 nílé wọn. Pàdánù mẹ́wàá fún ẹni tó gba ife kì í ṣe kékeré.

Àlàyé méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ. George Kay, olùkọ́ wọn, kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1946, níbi tí ẹran, ẹyin àti wàrà kò ti sí lábẹ́ kúpọ́ọ̀nù. Wọ́n padà pẹ̀lú ara tó dára ju ti àwọn tó kù nílé lọ. Àwọn tó di èyí mú ní okun yẹn ló gbé wọn la ìgbà òtútù já.

Èkejì ni góòlù. Lẹ́yìn ìyà 5–0 yẹn ni Liverpool san £12,500 fún Stubbins láti Newcastle. Everton náà ń wá a, ọ̀nà tí Stubbins sì gbà pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ni pé ó ta owó ẹyọ sókè. Òun àti Balmer gbá 24 ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú líìgì. Nínú oṣù Kọkànlá, Balmer gbá mẹ́ta wọlé Portsmouth, mẹ́rin wọlé Derby, mẹ́ta wọlé Arsenal, nínú ìdíje mẹ́ta tó tẹ̀léra: mẹ́wàá gbáko. Billy Liddell àti Bob Paisley, tí ogun ti dá dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ìdíje líìgì àkọ́kọ́ wọn ni, lọ́jọ́ tí Liverpool na Chelsea 7–4.

Àlàyé méjèèjì kò ta ko ara wọn. Góòlù Stubbins ni a lè kà. Ohun tí ẹran Amẹ́ríkà ṣe sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé kà.

## Ṣé òótọ́ ni pé Stoke ta ẹni tó dára jù nígbà tí ife wà nítòsí?

Òótọ́ ni. Nínú oṣù Karùn-ún 1947, bí ìdíje ṣe ń parí lọ, wọ́n ta Stanley Matthews fún Blackpool ní £11,500. Òun àti Bob McGrory, olùkọ́ Stoke, kò rẹ́. Matthews ti pé ọmọ ọdún 32, ọ̀pọ̀ sì rò pé ó ti ń darúgbó. Ọdún 1965 ló tó fi líìgì sílẹ̀, ó ti lé ní 50.

Ẹni tó bá ń fi ojú òde òní wò ó yóò béèrè iye tó bọ́ sápò Matthews. Díẹ̀ ni. Iye owó tó ga jù wà tí ẹgbẹ́ lè san fún agbábọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ Matthews tàbí ẹni tí kò lórúkọ. Ṣáájú ogun, £8 ni lọ́sẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù halẹ̀ pé àwọn yóò daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dé ìgbìmọ̀ onílàjà ìjọba. Nígbà tó fi di 1947, ó di £12. Ẹni tó bá yí ẹgbẹ́ padà kò lè gbà ju £10 lọ fún ìfọwọ́síwèé. Ẹgbẹ́ ló kó £11,500 náà.

Ọ̀tọ̀ tún ni ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn. Ọdún kan ni àdéhùn máa ń jẹ́. Bó bá parí, ẹgbẹ́ lè kọ orúkọ rẹ sínú ìwé àwọn tí wọ́n dì mú, o kò sì lè gbá fún ẹlòmíràn nínú líìgì, kódà bí wọn kò bá san kọ́bọ̀ fún ọ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ní láìsí i, olówó ni yóò kó gbogbo agbábọ́ọ̀lù lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù pè é ní oko ẹrú. Oṣù Kìíní 1961 ni wọ́n tó fagi lé òté owó oṣù, ilé ẹjọ́ sì dá àṣà ìdìmú náà lẹ́bi ní 1963 nínú ẹjọ́ tí George Eastham, agbábọ́ọ̀lù kan, pè.

Owó ìwọlé wà o. Ju mílíọ̀nù 35 ènìyàn lọ ló wọ pápá líìgì ní 1946–47, wọ́n sì kọjá mílíọ̀nù 41 ní 1948–49. Ewu tó wà nínú èrò bẹ́ẹ̀ ti hàn lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹta 1946, nígbà tí ènìyàn 33 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Burnden Park, pápá Bolton, lọ́jọ́ tí wọ́n ń bá Stoke gbá FA Cup. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ní kí wọ́n máa fi òté lé iye ẹni tó ń wọ pápá.

## Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ yòókù?

Leeds United àti Brentford ló já sí ìpele kejì. Leeds borí mẹ́fà péré, wọ́n pàdánù 30, póìntì 18. Nínú gbogbo ìrìn-àjò wọn, póìntì kan ṣoṣo ni wọ́n mú bọ̀. Manchester City àti Burnley ló gòkè.

Nínú ìpele kejì, Newcastle gbá góòlù 13 wọlé Newport County láìgba ọ̀kan padà, lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹwàá 1946. Len Shackleton, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Bradford Park Avenue, gbá mẹ́fà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Newport já wálẹ̀ pẹ̀lú Swansea Town.

Doncaster Rovers borí 33 nínú 42 ní ìpele kẹta apá Àríwá. Cardiff City gba ti Gúúsù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń gòkè láti apá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tó bá ṣe ipò kejì ti ṣiṣẹ́ ọdún kan lásán. Charlton gba FA Cup, 1–0, lọ́wọ́ Burnley.

## Ṣé ọmọ Nàìjíríà kankan wà nínú bọ́ọ̀lù ìgbà náà?

Oṣù Kẹjọ 1949 ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi dé Liverpool fún ìrìn-àjò ìdíje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbá a. Teslim Balogun, ọmọ Èkó tí wọ́n ń pè ní Thunder, wà lára wọn. Òun náà ló padà lọ gbá fún Peterborough ní 1955, tó sì wọ Queens Park Rangers ní 1956. Òun ni a mọ̀ sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù owó nínú Football League, lábẹ́ òté owó oṣù tí a ṣàlàyé rẹ̀ lókè yìí.

## Ta wá ló tọ̀nà lórí kíka ife?

Àwọn tó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti 1992 ní Premier League jẹ́ ilé iṣẹ́ tuntun, tó ya kúrò lára Football League, tó ní owó tẹlifíṣọ̀n àti òfin tirẹ̀. Lójú wọn, United ní 13, Liverpool ní méjì, 2020 àti 2025.

Àwọn tó ní kí a ka gbogbo rẹ̀ ní orúkọ ló yí padà. Ẹgbẹ́ 22 tó bẹ̀rẹ̀ Premier League ní 1992 ni àwọn tó yẹ kó wà nínú ìpele kìíní lọ́dún náà tẹ́lẹ̀, ẹni tó já kúrò nínú rẹ̀ sì ń lọ sínú Football League bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Báyìí ni àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn ṣe ń kà á, United náà sì ń kà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ìkọkàndínlógún ní 2011 tí wọ́n ní àwọn ti ju 18 Liverpool lọ, méje nínú tiwọn ló ṣáájú 1992: 1908, 1911, 1952, 1956, 1957, 1965 àti 1967.

Ọ̀nà kẹta náà wà, èyí tó ní kí a yọ 1947 nìkan nítorí òtútù àti kàlẹ́ńdà tó dàrú. Ìdíje 42 tó pé fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló mú ọ̀nà yìí ṣòro láti dì mú. Ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lókè, yìnyín kan náà ló dá wọn dúró, àṣẹ ìjọba kan náà ló sì dè wọ́n, Stoke sì ní ànfààní tí ẹlòmíràn kò ní: wọ́n mọ ohun tí wọ́n nílò gan-an ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Nínú àkọsílẹ̀ líìgì, 1947 ni ife karùn-ún Liverpool, lẹ́yìn 1901, 1906, 1922 àti 1923. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló sì kọjá kí ìkẹfà tó dé.